Kí ni kí n kó lọ sí Ìlú Ọba láti Akúrẹ́, báwo ni kí n sì ṣe kó o?

Ìyá Tèmi, Akúrẹ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkọ mi ti wà ní Manchester láti ọdún tó kọjá, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tèmi àti ti àwọn ọmọ wa méjèèjì sì jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni a fẹ́ gbéra. Ilé tí a ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé kún fún ẹrù ọdún mọ́kànlá, onílé sì ti rí ẹni tí yóò gbà á, nítorí náà kò sí pé a kàn máa tilẹ̀kùn kí a sì máa lọ.

Bàálù tí a fẹ́ wọ̀ gbà wá láàyè báàgì méjì-méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju kílò 23 lọ. Aṣọ àwọn ọmọ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì rẹ̀. Ohun tí ọkàn mi kò fẹ́ fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí: aṣọ òkè tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, tí sányán méjì wà nínú rẹ̀, orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ń jẹun kí n tó di olùkọ́, ìwé tó tó páálí mẹ́ta, ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ata, odó àti ọmọ odó, àti ọpọ́n ayò bàbá bàbá mi, tí kò sí ẹnìkan nínú ẹbí tó lè sọ ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Éjẹ́ǹtì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Oyèmẹ́kun sọ fún mi pé kí n fi gbogbo rẹ̀ sínú bàálù, òun yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa láìsí wàhálà kankan. Nígbà tí mo béèrè ohun tí àwọn aṣọ́bodè ọ̀hún yóò sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló gbé mi wá síbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún:

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ìlú Ondó ni mo ti kó wá sí Leeds ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo sì ṣe ka ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì yín ni mo rántí tèmi. Ẹ má tíì ra páálí kankan. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹni tó bá ń ṣí wá gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè kó ẹrù ilé rẹ̀ wọlé láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè náà lọ́wọ́ HMRC, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó orí níbí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní ToR1 ni ẹ ó kọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, láti Akúrẹ́ níbi tí ẹ jókòó sí. Wọ́n á fẹ́ rí i pé ẹ ti ń gbé lẹ́yìn odi ilẹ̀ wọn fún oṣù 12 ó kéré tán, pé àwọn ẹrù náà ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti ń lò wọ́n, fún oṣù 6 ó kéré tán, àti pé ẹ kò ní tà wọ́n tàbí yá wọn fún ẹnikẹ́ni fún oṣù 12 lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn ni éjẹ́ǹtì yóò fi hàn àwọn aṣọ́bodè nígbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: láàárín oṣù 12 tí ènìyàn bá dé ni ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Nígbà tó jẹ́ pé ọkọ yín ti wà níbí láti ọdún tó kọjá, orúkọ ara yín ni kí ẹ fi tọrọ rẹ̀, ẹ má ṣe fi ti bàbá wọn.

Èmi kò mọ èyíkéyìí nínú èyí. Éjẹ́ǹtì tèmi gba owó, ó kó páálí mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì kọ sínú ìwé wọn: ẹrù ilé. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, àwọn aṣọ́bodè fẹ́ mọ irú ẹrù ilé tó jẹ́, iye tí ó jẹ́, àti nọ́ńbà ToR. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ fọ́ọ̀mù, owó ibùsọ̀ ẹrù sì ń gun orí ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo tún wá rí i pé owó tí mo san ní Ondó kò kọjá èbúté. Owó tí wọ́n fi sọ ẹrù kalẹ̀, owó ìwé, àti owó ọkọ̀ tó gbé e dé Leeds, èmi náà ni mo san gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí éjẹ́ǹtì bá sọ pé òun yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé owó èbúté àti owó ìwé ti wà nínú ohun tí ẹ san.

Nígbà tí páálí dé, wọ́n ti fi abẹ tú gbogbo wọn, wọ́n sì ti lẹ̀ wọ́n padà pẹ̀lú téèpù tí kì í ṣe tèmi. Nínú ìkeje ni mo ti rí ìgò epo pupa kan tí ìyá ọkọ mi tì bọ inú bàtà láìsọ fún mi, nítorí pé ìfẹ́ pọ̀. Kò tó ife kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìwà epo: ó ti gba inú bàtà bọ́ sínú gèlè, ó gba inú gèlè bọ́ sínú àwo-fọ́tò ìgbéyàwó wa, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì ti lẹ̀ mọ́ èkejì. Títí di òní, bí mo bá ṣí i, òórùn ọjà ló ń jáde.

Bí ẹ ṣe máa kọ ìwé ẹrù nìyí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni kí ẹ fi kọ ọ́: ẹ fún páálí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé àlòkù ni, àti iye tí ẹ rò pé ó tó báyìí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. "Páálí 2: ìwé àlòkù 38, àwo-fọ́tò 1." Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi dì í. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rá kan wá pé kí ẹ bá òun fi jíṣẹ́ fún ọmọ òun, ì báà jẹ́ ewúro gbígbẹ lásán, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Orúkọ yín ló wà lára páálí. Ẹ ò lè sọ fún NDLEA, àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, ní Lagos pé ìyá àdúgbò ló gbé e wá.

Bàbá Arákàlẹ̀:

Ọmọ mi, mo ṣiṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ní Apapa fún ọdún púpọ̀ kí n tó padà wá sílé. Ohun tí ìyá Leeds sọ tọ̀nà. Jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ bàálù àti ọkọ̀ ojú omi kún un, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ ènìyàn jẹ.

Bàálù kì í wo ìwúwo nìkan, ó ń wo àyè tí ẹrù gbà. Mú páálí kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 50. Bí o bá sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn, 150,000 ni yóò jáde. Àwọn iléeṣẹ́ tí ń gbé ìwé àti ẹrù kéékèèké yí ayé ká ń pín in sí 5000, àwọn tí ń fi bàálù kó ẹrù lọ́pọ̀ ń pín in sí 6000. Nítorí náà, bí ìrọ̀rí àti kúbùsù tí kò ju kílò 9 lọ bá wà nínú páálí yẹn, owó kílò 30 tàbí 25 ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ, wọn kò sì purọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé, tó wúwo ju àyè tó gbà lọ, ìwúwo náà ni wọn yóò gbà. Èyí tó bá ga nínú méjèèjì ni tiwọn.

Ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú kọ́ńtéènà kan ń fi àyè gba owó: mítà kan ní gígùn, kan ní ìbú, kan ní gíga, òun ni wọ́n ń pè ní CBM. Irú páálí tí mo sọ yẹn, mẹ́fà kò tíì kún un. Ìwé rẹ àti orí ẹ̀rọ ìránṣọ, omi ni kí wọ́n gbà lọ. Yóò pẹ́ o. Fi oṣù méjì sọ́kàn, má sì bínú bí ó bá lé. Tú gbogbo òróró inú ẹ̀rọ náà jáde, nù ún gbẹ, kí o sì fi faselíìnì pa gbogbo ibi tó jẹ́ irin, nítorí afẹ́fẹ́ òkun kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí o fi ń jẹun rí ni. Inú kọ́ńtéènà máa ń là lóòógùn lóru bí òtútù bá mú un, omi á sì máa kán láti òrùlé rẹ̀. Fi ọ̀rá nípọn tẹ́ inú páálí kọ̀ọ̀kan kí o tó kó ìwé sí i.

Má jẹ́ kí káfíńtà kankan ní Akúrẹ́ yìí fi pákó tútù kan àpótí fún ọ. Pákó tí wọ́n bá fi di ẹrù kọjá ibodè gbọ́dọ̀ ti gba ooru tó dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí wọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí àmì tó ní àwòrán ṣírí àlìkámà sì wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí àmì náà, wọ́n lè dá a padà tàbí kí wọ́n sun ún. Páálí tàbí plywood kò ní ìṣòro yìí.

Ẹ̀rọ ìlọta rẹ yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí pé iná 230 volt kan náà àti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń lò. Ká ní Kánádà ni, mi ò bá ní kí o fi sílẹ̀, 120 ni tiwọn. Má di ẹran gbígbẹ tàbí ohunkóhun tí a fi wàrà ṣe. Má di ẹ̀wà pẹ̀lú: láti ọdún 2015, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà láàárín wọn, ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ará Ọ̀wọ̀:

Ọpọ́n ayò yẹn ló mú mi dá sí i. Òfin ọdún 1979 tó dá NCMM sílẹ̀, àjọ tí ń mójú tó àwọn ilé mùsíọ́mù wa, sọ pé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa èyíkéyìí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 kò gbọ́dọ̀ jáde láìgba àṣẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó níyì tí wọ́n ti lò rí níbi ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀. Ère, ilẹ̀kùn, ìlù, ọ̀pá, àti ohun èlò ilé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú òfin náà. Níwọ̀n bí ẹ kò ti mọ ọdún tí wọ́n gbẹ́ ọpọ́n náà, ẹ yà á ní fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì gbé e lọ síwájú àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà. Ilé mùsíọ́mù wọn wà ní Ọ̀wọ̀ níbí. Bí wọ́n bá rí i pé kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fún yín ní ìwé, ìwé náà ni yóò sì bá ọpọ́n lọ. Bí ó bá dàgbà, ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí.

Bí ẹ̀gbà eyín erin bá tún wà nínú àpótí ìyá yín, ẹ yọ ọ́. Àwa tí àwọn baba wa gbẹ́ eyín erin láti ayébáyé kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 1989 láti fòpin sí òwò rẹ̀, kò sí àlàyé tí ẹ máa ṣe tí yóò dùn létí aṣọ́bodè.

Ìyá Tèmi, Akúrẹ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará. Mo ti fi ToR1 ránṣẹ́ lálẹ́ àná lórúkọ ara mi, ìwé ẹrù sì ti di ojú ewé mẹ́ta. Mo padà lọ bá éjẹ́ǹtì náà láàárọ̀ yìí, mo ní kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé owó èbúté àti owó ìwé ti wà nínú iye tó pè. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun yóò bá ọ̀gá òun ní Lagos sọ̀rọ̀, mo sì ti ń wá ẹlòmíràn.

Ó ku ohun méjì. Ṣé kí n fọ aṣọ òkè kí n tó dì í? Odó ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn?

Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún:

Ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, pàápàá sányán. Ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe inú oòrùn, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ wá ká a sínú aṣọ funfun tó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Inú báàgì tí ẹ ó gbé dání wọnú bàálù ni àyè rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yín, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti ti ìgbéyàwó. Ohun tí owó kò lè rà padà kì í kúrò lọ́wọ́ oníǹkan.

Ní ti odó, ẹ ò tíì rí ilé tí wọ́n ń kọ́ síbí. Ẹni tí yóò máa gbé nísàlẹ̀ yín kò mọ ohun tó ń jẹ́ iyán, ọlọ́pàá ni yóò pè. Ẹ gbé e fún ẹni tí yóò máa gún un.