Re: "Ajàrùn" kọ́, "àjẹsára" náà kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a máa pe purotéènì tí ara fi ń dojú kọ àrùn, "antibody" lédè òyìnbó, ní "ajàrùn", pé ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn kó lo "àjẹsára" fún gbogbo rẹ̀, àti òun, àti abẹ́rẹ́, àti agbára ara. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà.

A kì í ja èèyàn, a máa ń bá a jà ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi "jagun" gbè é lẹ́sẹ̀, ogun kì í ṣe ọ̀tá, ìjà náà gan-an ni ogun. Èyí tó tún burú ni pé lédè wa, àrùn fúnra rẹ̀ ló ń jà: ìgbóná ń jà, onígbáméjì ń jà. Ibẹ̀ la ti rí àjàkálẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ajàrùn" láì rí i kà, àjàkálẹ̀ ló máa sá fún.

Ti àjẹsára ló ká mi lára jù. Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi ń dúró di oṣù 9 kí wọ́n tó gún ọmọ lábẹ́rẹ́ èèyi ní Nàìjíríà, tí wọ́n á tún un gún ní oṣù 15. Ìyá tó ti ṣe èèyi rí, tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ní purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó dá kòkòrò èèyi mọ̀. Ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ kí a tó bí i, ó sì ń pẹ́ lóṣù mélòó kan kó tó tán. Kòkòrò èèyi gidi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ bí sí i díẹ̀ kí ara ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá tètè gún un, purotéènì ìyá á ti dì í mú, abẹ́rẹ́ á ṣòfò. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sọ ìyẹn fún ìyá ọmọ: "Àjẹsára yín ò ní jẹ́ kí àjẹsára wa kọ́ àjẹsára ọmọ." Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?

Kí àjẹsára dúró síbi tí àwọn àgbà fi í sí, ohun tó ti ìta wọlé: àgúnmu, gbẹ́rẹ́, ẹ̀kán 2 ti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu. À- ló bẹ̀rẹ̀, tohun tí a ṣe, kì í ṣe a-, tẹni tó ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ti ní "sójà ara", rédíò ti gbé e dé abúlé. Purotéènì tí lára àwọn sójà náà ń ṣe jáde ló kù. Ẹnu méjì ló fi ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò kó má ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni sójà mìíràn ń dì mú kó tó gbé kòkòrò náà mì. Lílẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Mo dábàá "alẹ̀márùn", ohun tó ń lẹ̀ mọ́ àrùn.

Ẹ̀gbọ́n fèsì:

Àbúrò, mo gba ti oṣù 9 yẹn. Àmọ́ "alẹ̀márùn"! Márùn-ún kí ni? Bí o bá sì pa fáwẹ̀lì kejì jẹ, ó di "alẹ̀mọ́rùn", ohun tó lẹ̀ mọ́ni lọ́rùn bíi gbèsè. Àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára ni wọ́n ń pe éèdì tipẹ́. Bí àjẹsára bá jẹ́ oògùn nìkan, kí ló di ọ̀lẹ níbẹ̀? Sójà ara tí wọ́n ń pè ní CD4 ni kòkòrò éèdì ń pa, títí wọn ò fi ní pé 200 mọ́ nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà. Kò sí nọ́ọ̀sì tó gún ìyẹn síni lára. Àwọn àgbà onísègùn kì í ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó lò ó: bó bá ti jẹ sára, ara ló dà. Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì lẹ ń yà á.

Èsì:

Ẹ̀gbọ́n, márùn-ún ní ohùn òkè lẹ́yìn, "alẹ̀márùn" ò ní. Ẹni tó bá ṣì í gbọ́, etí rẹ̀ ni kó tọ́jú. Ẹ ò sì tíì dáhùn ti "jà".