Ṣé ó nira fún àwa ọ̀dọ́ láti di onílé ní Àkúrẹ́ ju bí ó ti nira fún àwọn òbí wa lọ?

Ayálégbé Òkè-Àrò béèrè:

Mo kí gbogbo ilé o. Ọmọ ọdún 33 ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, ìyàwó mi ń ránṣọ, a sì bí ọmọ méjì. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni a ń gbé ní Òkè-Àrò, onílé wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìdajì kún owó ilé tí a ń san tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tún òrùlé tó ń jò lé wa lórí ṣe. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá mi bi mí léèrè pé kí ni mo ń fi owó oṣù mi ṣe. N kò dá wọn lóhùn, nítorí kò sí èsì tó wá sí mi lẹ́nu tí kò ní dà bí àrífín. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n sì kọ́ ilé tiwọn parí ní 1988 nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 38. Lójú wọn, ohun tí owó olùkọ́ lè ṣe nígbà náà, ó yẹ kí owó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ ọ́ láìṣègbè: ṣé lóòótọ́ ni ó le fún wa ju tiwọn lọ, àbí àwa ni a kò mọ owó ṣọ́? Ohun mìíràn tún wà. Láàárín ọdún mẹ́rin, mo ti tọ́jú mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ náírà sí báńkì. Ẹnì kan wá fi plọ́ọ̀tì kan lọ̀ mí lójú ọ̀nà Ọ̀dà, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Ó ní risíìtì ẹbí wà, ilẹ̀ náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí n rà á ni, tàbí kí n ní sùúrù kí owó mi tún pọ̀ sí i?

Bàbá Ìjàpò fèsì:

Ọmọ mi, bàbá rẹ kò parọ́, ìwọ náà kò sì ya ọ̀lẹ. Ohun kan wà tí àwa àgbà kì í sábà rántí nígbà tí a bá ń fi ilé wa yangàn.

Mo wọ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Ní 1983, mo yá owó ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba. Èlé orí rẹ̀ kò tó nǹkan, iye kan náà ni wọ́n sì ń yọ nínú owó oṣù mi lóṣooṣù. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP wọlé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́rọ́ bí ẹja lọ́wọ́ ọmọdé, tó fi jẹ́ pé nígbà tó máa fi di 1993, náírà 22 ni wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là kan. Gbogbo wa ni a figbe ta, nítorí pé páànù, ìrẹsì àti ohun gbogbo wọ́n gógó. Síbẹ̀, iye tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi kò yí padà, owó oṣù sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí tí gbèsè tó dà bí òkè Ìdànrè lójú mi ní 1983 fi di ohun tí mo lè fi owó oṣù mélòó kan san tán. Bí mo bá ní òógùn ojú mi nìkan ni mo fi kọ́ ilé yìí, irọ́ ni mo pa. Náírà tó ń ṣubú ló bá mi san ìdajì gbèsè náà.

Ìwọ wá wo tìrẹ. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó tí o ń tọ́jú láti ọdún mẹ́rin wá ni ìyẹn bá nílẹ̀ tó ń jẹ ẹ́. Ìṣubú kan náà ni àwa méjèèjì rí, àmọ́ gbèsè ni ó bá lọ́wọ́ tèmi, owó ìpamọ́ ni ó bá lọ́wọ́ tìrẹ. Nítorí náà, bí ìbéèrè rẹ bá jẹ́ bóyá ó le fún yín jù, mo gbà pé ó le jù, pàápàá fún ẹni tó ní sùúrù láti fi owó pamọ́, èyí tó jẹ́ ohun tí a kọ́ yín pé ó dára.

Wàá ní kí ìwọ náà yáwó nígbà náà. Níbo? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gbé ìpìlẹ̀ èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn báńkì tí a ń bá ṣòwò sì ní láti fi tiwọn lé e. Ta ni yóò fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé? Ṣùgbọ́n wo ìwé owó oṣù rẹ dáadáa. Bí wọ́n bá ń yọ NHF, ìyẹn owó àpò ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ (National Housing Fund), lọ́wọ́ rẹ, ìdá 2.5 nínú owó oṣù ìpìlẹ̀ rẹ ni, láti inú òfin ọdún 1992. Ẹni tó bá ti ń san án fún oṣù mẹ́fà lè béèrè fún ẹ̀yáwó ilé láti ọ̀dọ̀ Federal Mortgage Bank nípasẹ̀ báńkì ẹ̀yáwó ilé, pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń san án títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, wọn kò sì béèrè kọ́bọ̀. Èmi náà wà lára wọn. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, wọ́n dá tèmi padà pẹ̀lú èlé ìdá méjì, mo sì fi ra taya ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di kókó ni pé wọn kò ní yá ọ lówó lórí risíìtì ẹbí. Ìwé tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí, irú bí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Láti 1978 ni òfin ilẹ̀ ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà, bí àwọn ẹbí tilẹ̀ ṣì ń tà á. Nítorí náà, kí o tó san owó, béèrè ẹni tó fọwọ́ sí risíìtì náà. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà náà kò dúró lábẹ́ òfin. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, àwọn yòókù lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, mú awọnlẹ̀ dání, kí ó fi ìwọ̀n ilẹ̀ náà wo àkọsílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí o lè mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Mo mọ ẹnì kan tó ti kọ́lé dé ibi lẹ́ntù kí wọ́n tó wá fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sára ògiri rẹ̀.

Bíríkìlà Ọ̀bà-Ilé fèsì:

Bàbá ti sọ̀rọ̀ ìwé, èmi yóò sọ ti iṣẹ́. Ní 2012, mo bá oníbàárà mi kan ra sìmẹ́ǹtì ní 1,800 náírà ní ìsọ̀ kan ní Àkúrẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, mo bá ẹlòmíràn sọ iye tí ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ máa jẹ. Kí ó tó kó owó jọ láàárín oṣù kan, àpò kan ti kúrò ní 5,500, ó ti lé ní 9,000. Ojú ti èmi fúnra mi, nítorí ó rò pé mo fẹ́ lu òun ní jìbìtì.

Ilé oníyàrá mẹ́ta lásán lè gba búlọ́ọ̀kù oníǹṣì mẹ́sàn-án tó tó 2,500 sí 3,000. Ohun tí àwọn tó gbọ́n lára àwọn oníbàárà mi ń ṣe báyìí ni pé wọn kì í kó owó jọ mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kó jọ. Bí owó oṣù bá ti wọlé, wọ́n ra àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan àti iyanrìn, a sì tẹ búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ náà fúnra wa, nítorí pé èyí tí wọ́n ń tà lójú títì, omi díẹ̀ ti tó láti fọ́ ọ. Tèmi kì í ju 30 lọ nínú àpò kan. Búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ kò ní dín kù bí náírà bá ṣubú. Sìmẹ́ǹtì nìkan ni kí ẹ má ṣe tọ́jú pamọ́, torí yóò dì mọ́ra wọn lọ́wọ́ yín.

Nípa ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá kí ẹ tó sanwó. Odò Àlà kò ṣàì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀ náà kò sì gbàgbé. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, àmọ́ owó tí onílé yóò fi kọ̀ fún un, ìyẹn kíkún ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀ gíga, lè ju owó ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wo ara ògiri àwọn aládùúgbò, ẹ ó rí ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá.

Ìyá Oníkòkó, Oǹdó, fèsì:

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo òbí ló rí ẹ̀yáwó ìjọba gbà. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, wọn kò sì ní owó oṣù tí ẹnikẹ́ni lè yọ nǹkan nínú rẹ̀. Iye tí ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó bá dá ni wọ́n ń gbà, títí tí ìjọba fi tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986. Ọdún 19 ni wọ́n fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin. Inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni wọ́n ti bí èmi, páálí la fi dí ojú rẹ̀. Owó gàrí tí ìyá wa ń tà ló ra páànù ilé náà, síbẹ̀ orúkọ bàbá nìkan ló wà lórí ìwé, ohun tí ojú màmá sì rí lẹ́yìn tí bàbá kú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba.

Èmi fi owó kòkó ọdún 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ra plọ́ọ̀tì kan, orúkọ mi ló sì wà lórí rẹ̀. Ìyá mi kò lè ṣe é láyé tiwọn. Nítorí náà, n kò lè sọ pé gbogbo nǹkan ló le sí i. Ọmọ mi tó béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ yóò san nínú owó búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn. Kọ orúkọ méjèèjì sórí ìwé. Kí ìyàwó rẹ náà wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, torí tiwa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tí èèyàn bá ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ kò sì pani.

Ọmọ FUTA fèsì:

Èmi kò tilẹ̀ rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́lé kí a tó di ènìyàn. Bí mo bá ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀, òwò ni máa fi ṣe.

Bàbá Ìjàpò fèsì:

Ọmọ FUTA, o kò tíì bá onílé jà lórí òrùlé tó ń jò. Ilé là ń ti oko bọ̀ wá sinmi.

Ayálégbé Òkè-Àrò fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti wo ìwé owó oṣù mi: wọ́n ti ń yọ NHF lọ́wọ́ mi láti ọdún méje, n kò sì béèrè ohun tó jẹ́ rí. Mo béèrè olórí ẹbí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀, ó ní ara wọn kò yá, pé kí n kọ́kọ́ san ìdajì. N kò san án. Òjò rọ̀ ní òru àná, nítorí náà bíríkìlà tó fèsì lókè ti gbà láti bá mi dé ọ̀nà Ọ̀dà ní àárọ̀ Sátidé.

Mo tún pe bàbá mi lórí fóònù. Mo fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé ní 1988, ṣé owó tí wọ́n tọ́jú ni wọ́n fi kọ́lé àbí wọ́n yá a. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yáwó ìjọba ni. Ta ló sọ fún ọ?"