Mo ń fi kún iná, búlúù ń ṣá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi jẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ owó. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ni jẹ́ẹ̀lì, tí a fi ń bo ojú fláàṣì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè gba àwọ̀.

Akọrin kan ló ní kí n ya fọ́tò tí yóò wà níwájú àwo orin òun. Ó fẹ́ kí ẹ̀yìn òun rí bí aró tó kún, kí ojú òun sì mọ́ kedere. Ògiri funfun ló wà níbẹ̀. Mo so jẹ́ẹ̀lì búlúù mọ́ fláàṣì kan, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Mo fi èkejì, tí kò ní jẹ́ẹ̀lì, sínú agboòrùn funfun tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, níwájú akọrin. Ohun tó jáde dà bí aró tí wọ́n bomi là.

Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ni kò tó. Mo fi agbára rẹ̀ kún láti 1/8 gbogbo agbára tó ní, dé 1/4, dé 1/2. Bí mo ṣe ń fi kún un ni búlúù ń ṣá, títí ògiri fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun padà. Akọrin ti ń wo aago. Òógùn bò mí.

Mo dá a padà sí 1/8, mo tún tẹ kámẹ́rà, fláàṣì iwájú kò tíì gba agbára padà, kò tàn. Ojú akọrin dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n ẹ wo ògiri! Búlúù tí mo ti ń wá láti àárọ̀ ló wà níbẹ̀. Àṣé ìmọ́lẹ̀ funfun láti iwájú ló ń ṣàn kọjá ejìká rẹ̀ lọ bá ògiri, tó ń fọ àwọ̀ mi dànù.

Mo fa àga rẹ̀ kúrò lára ògiri ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Mo yọ agboòrùn, mo fi grid sí fláàṣì iwájú, èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn ká, mo sì sún un mọ́ akọrin. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà kó má rẹ̀ ẹ́: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Mo wá dín ti ẹ̀yìn kù sí 1/16, búlúù sì jinlẹ̀. Lónìí, bí mo bá fẹ́ àwọ̀ tó kún, ògiri aláwọ̀ eérú ni mo ń wá, mi ò sì ń fi white balance, ètò kámẹ́rà tó ń pinnu ìmọ́lẹ̀ tó máa kà sí funfun, sórí auto mọ́, kí kámẹ́rà má baà máa yàn án fúnra rẹ̀.

—

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ooru ni mo fẹ́ fi kún un. Fláàṣì ńlá inú stúdíò máa ń ní gúlóòbù kan tó ń tàn láìdákẹ́, ká lè rí ibi tí òjìji máa bọ́ sí. Mo lẹ jẹ́ẹ̀lì pupa mọ́ ojú rẹ̀ gan-an. Òórùn ike tó ń jó ló pè mí padà: ó ti ká jọ bí ewé gbígbẹ, àárín rẹ̀ ti lu. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ sì pa gúlóòbù yẹn.

—

Tèmi kì í ṣe ti àrà. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni, gúlóòbù tó ń tàn ní nǹkan bíi 3000K ló wà níbẹ̀, fláàṣì mi sì ń tàn ní 5500K. K, ìyẹn Kelvin, ni òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: bó bá kéré, ìmọ́lẹ̀ á pọ́n bí ọsàn; bó bá pọ̀, á sún mọ́ búlúù. Tọkọtaya náà rí bí ẹni tí òtútù mú, ẹ̀yìn wọn pọ́n bí ẹni pé ilé ń jó. Ìyá ìyàwó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà mi, ó ní, "Ṣé ara ọmọ mi ò yá ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Níbi iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo fi CTO, jẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ọsàn, bo fláàṣì, mo fi white balance sí 3200K. Ó gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta stop lọ́wọ́ mi (bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, stop kan nìyẹn), mo fi agbára díẹ̀ kún un. Àwọ̀ ara wọn padà sípò, inú ilé sì bá wọn mu. Nírọ̀lẹ́, mo mú wọn jáde láìyí nǹkan kan padà. Ojú wọn dúró bó ṣe wà, sánmà tó ń ṣú bọ̀ lẹ́yìn wọn di aró. Mi ò lo jẹ́ẹ̀lì búlúù kankan.