Ta ni wọ́n ti fìyà jẹ lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà? Ẹ wá sọ tiyín

Abẹ̀kẹ́_MD
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń tẹ èyí. Ilé arúgbó tí mo ti ń ṣe CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní Maryland níbí, àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àwa mẹ́ta jókòó sí yàrá tí a ti ń jẹun, break wa ni o, a ò sí lọ́dọ̀ aláìsàn kankan, à ń jẹ ìrẹsì, à ń sọ̀rọ̀ wa, àfi bí súpáfáísọ̀ ṣe yọjú tó ní òun ò fẹ́ gbọ́ "èdè yẹn" mọ́ nínú ilé yìí, òyìnbó nìkan ni ká máa sọ. Kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara microwave. Bẹ́ẹ̀ àwọn Filipino ń sọ tiwọn lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Mọ́ ara microwave kẹ̀ 😂😂 kí ìrẹsì gan-an má lọ gbọ́ Yorùbá nìyẹn

Bàbá_Ìbejì_Houston
Àbúrò, ya fọ́tò pépà yẹn kíákíá kí wọ́n tó já a. Òfin 1964 yẹn, Title VII, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ibi tó ti wá, EEOC, àjọ ìjọba tó ń rí sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé èdè ẹni wà lára ẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ sọ òyìnbó tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú aláìsàn tàbí tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ìyẹn yé mi. Àmọ́ tí òfin wọn bá ti wọ àsìkò break, lójú EEOC wọ́n ti rú òfin nìyẹn, àfi tí wọ́n bá rí àwíjàre tó múná. Ohun tó ń pa àwọn èèyàn wa ni pé wọ́n á máa rò ó, wọ́n á máa rò ó, títí ọjọ́ á fi kọjá. 180 ọjọ́ ni wọ́n fún èèyàn láti kọ̀wé sí EEOC, ní Maryland ó di 300 torí ìpínlẹ̀ yẹn ní àjọ tiẹ̀. Èmi náà, ìdí tábìlì tí àlejò ti ń wọlé ni wọ́n fi mí sí níbi iṣẹ́ security, ni ọ̀gá tuntun bá dé, ó ní àkísẹ́ǹtì mi ò yé àwọn oníbàárà. Oníbàárà wo? Àwọn tó ń béèrè àlàáfíà ìbejì mi láràárọ̀! Wọ́n gbé mi lọ sí géètì lálẹ́, èmi àtàwọn raccoon.

Lékan_Chi
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa jàre. Àwọn àǹtí wa wọ̀nyí máa ń fi Yorùbá bú èèyàn lójú ara ẹ̀. Wọ́n á wo òyìnbó, wọ́n á sọ nǹkan, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ṣé kóun má fura ni?

Abẹ̀kẹ́_MD
Bọ̀ọ̀dá Lékan, aṣọ ẹbí là ń sọ. Dọ́là 200 fún léèsì, gèlè ò sí nínú ẹ̀. Tá a bá bú ẹnikẹ́ni, ìyá ìyàwó ni.

Sísí_Nọ́ọ̀sì
Tèmi, aláìsàn ló ní kí n má fọwọ́ kan òun. Mo wọlé láti wọn BP ẹ̀, ó fa apá ẹ̀ wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n lọ pe nọ́ọ̀sì gidi wá. Mi ò bínú sí i, arúgbó ni. Ọ̀gá mi tó gbà fún un tó sì yọ mí kúrò ní yàrá yẹn ló dùn mí. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí ní Indiana tí mo wà yìí. Brenda Chaney, CNA aláwọ̀ dúdú, ilé arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Plainfield kọ ọ́ sórí pépà iṣẹ́ òòjọ́ wọn pé màmá kan ò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Lọ́jọ́ kan Chaney bá màmá yẹn nílẹ̀, kò lè dìde, ó wá ní láti máa sáré káàkiri ilé wá CNA tó jẹ́ òyìnbó. Lọ́dún 2010 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ọ̀rọ̀ "aláìsàn ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀" ò gba ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Adé_Bowie
Màmá wà nílẹ̀, wọ́n ń wá àwọ̀. Ayé!

Ìyá_Tèmi
Gbogbo yín ń sọ ti òyìnbó. Yorùbá bíi tèmi ló rẹ́ mi jẹ, ọmọ ìjọ mi, Mummy ni mò ń pè é. Ó ní agency tó ń rán èèyàn lọ tọ́jú arúgbó nílé wọn, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí stroke ti mú ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀, mò ń gbébẹ̀ láti Monday dé Friday, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń gbé e sórí commode, tó bá di òru bàbá á máa fi síbí na irin bẹ́ẹ̀dì kí n lè wá yí òun pa dà, Mummy á sì tún yọ wákàtí oorun kúrò nínú owó mi. Oorun wo? Èyí tó kù, wákàtí 70, dọ́là 14 ọ̀kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀, kò sí overtime. Nígbà tọ́dún parí ó kó 1099 fún mi, fọ́ọ̀mù owó orí ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀, ó ní èmi ni ọ̀gá ara mi. Ọ̀gá ara mi tí ò lè ra ata láì gbàṣẹ! Ọjọ́ tí mo béèrè, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé "ìwé ẹ ṣé ó ti jáde?" Tó bá di Sunday ó tún ń dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
Àwọn Mummy yẹn!!!

Adé_Bowie
Tèmi, deacon ni. Ó ní kí n fi overtime mi gbin irúgbìn.

Sísí_Nọ́ọ̀sì
Ìbéèrè ìwé yẹn ló bí mi nínú jù. Ìhalẹ̀ gbáà ni.

Bàbá_Ìbejì_Houston
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wákàtí 70 ní dọ́là 14, 980 nìyẹn. Òfin owó iṣẹ́ ti 1938, FLSA, ní tó bá ti kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ni, ìyẹn ni pé 30 tó kù di dọ́là 21. 1,190 ló yẹ kẹ́ ẹ gbà. Dọ́là 210 yín ni Mummy ń gbé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ká má tíì sọ ti oorun, torí wákàtí tí wọ́n bá jí yín wá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ni. Láti 2015 lòfin yẹn ti ń ṣiṣẹ́ fáwọn tí agency ń rán lọ tọ́jú èèyàn nílé, bí wọ́n tiẹ̀ ń gbébẹ̀. Ẹni tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ àtìgbà tẹ́ ẹ máa dé, 1099 kọ́ ló máa sọ pé kì í ṣe ọ̀gá yín. Tẹ́lẹ̀, Wage and Hour, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí owó iṣẹ́, lẹ bá máa lọ bá, àmọ́ láti July 2025 wọn ò bá agency fa ti overtime yìí mọ́, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù fúnra yín, òfin yẹn kì í wo ti ìwé ìgbélùú. Owó ọdún méjì sẹ́yìn lẹ lè gbà, mẹ́ta tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Lékan_Chi
Àmọ́ nígbà tẹ́ ò níwèé, ta ló fún yín níṣẹ́? Ẹ ò ní rántí ìyẹn.

Ìyá_Tèmi
Mo níwèé, ó kàn pẹ́ kó tó dé ni. Àánú tó ń gba 210 lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀, kó máa gbé àánú ẹ̀ lọ.

Alhaja_Minnesota
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣí ìbòrí ńkọ́? Wọ́n ní hijab ò bá aṣọ iṣẹ́ mu.

Sísí_Nọ́ọ̀sì
Alhaja, ẹ wo ẹjọ́ Abercrombie, ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ, Supreme Court dá a lọ́dún 2015, mẹ́jọ sí ọ̀kan, wọ́n gbè sẹ́yìn ọmọbìnrin tí wọn ò gbà síṣẹ́ nítorí hijab. Èyí ti Sunday náà wà, Groff, 2023, oníṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa. Ilé iṣẹ́ ò kàn lè sọ pé ó ń ni àwọn lára díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìnira tó tóbi. Jumu'ah náà wọ inú ẹ̀.

Lékan_Chi
Amẹ́ríkà dáa ṣá. Àwọn akátá ló ń bà á jẹ́ fún wa níbi iṣẹ́, àwọn gan-an ò fẹ́ràn wa.

Túndé_ATL
Bọ̀ọ̀dá, ẹ má pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi wà lára wọn. Òfin 1964 tẹ́ ẹ ń kà láti òkè yẹn, ta ló jà fún un? Ìjà yẹn ò sì tán síbẹ̀. February 1968 ní Memphis, Echol Cole àti Robert Walker sá wọ ẹ̀yìn mọ́tò kólẹ̀kódọ̀tí nítorí òjò, ẹ̀rọ yẹn ló tẹ̀ wọ́n pa. Torí ẹ̀ làwọn akólẹ̀ ṣe daṣẹ́ sílẹ̀, torí ẹ̀ ni Martin Luther King ṣe wà ní Memphis lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á. Bàbá ta lára wa ló wà níbẹ̀?

Lékan_Chi
Bàbá tèmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò mọ̀ wọ́n.

Túndé_ATL
Ẹ̀ ń jẹ nínú ẹ̀ ṣá.

Àánú_Ló_Pọ̀
Ẹ máa bú àwa onílé agency. Ṣẹ́ ẹ mọ iye tí Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba ń san owó ẹ̀, ń san fún wa? Insurance ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó ń ṣàbẹ̀wò ńkọ́? Ìjọba Trump gan-an ti rí i pé overtime yẹn ń pa wá, wọ́n ti fẹ́ yọ ọ́. Àwọn tá a ràn lọ́wọ́ ló ń tú wa síta.

Bàbá_Ìbejì_Houston
Àbá ni wọ́n gbé jáde ní July 2025. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà yẹn ńkọ́, madam?

Ìyá_Tèmi
Mummy, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyẹn?

Àánú_Ló_Pọ̀
Mi ò mọ̀ yín rí. Ṣé èmi nìkan ni mo ní agency ní Dallas ni?

Ìyá_Tèmi
Ta ló dárúkọ Dallas?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá
YÉÈÈÈ 😂😂😂😂

Adé_Bowie
Deacon mi náà lè wà níbí o. Ẹ jẹ́ n sáré lọ yí orúkọ mi pa dà.