Wọ́n mú iná kí COMMIT tó wọlé: ṣé iye ọjà á dàrú?

AraKubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o. MySQL 8.0 (sọ́fítíwià dátàbéèsì) ló ń tọ́jú iye ọjà ṣọ́ọ̀bù Wuse àti ti Kubwa, kọ̀ǹpútà tó wà lórí ẹ̀ kò sì ní UPS. Bí 20 páálí bá kúrò ní Wuse wá sí Kubwa, UPDATE (àṣẹ tó ń yí dátà padà) méjì ni: àkọ́kọ́ á yọ 20 lọ́hùn-ún, èkejì á fi 20 kún tibí. Tí wọ́n bá mú iná láàárín méjèèjì ńkọ́? Wọ́n tún ní kí n gbé innodb_flush_log_at_trx_commit (ó ń sọ ìgbà tí log máa dé orí dísíkì) sí 2 kó lè yá. Ṣé kò léwu?

Olùtọ́júDátà
Bó ṣe wà yẹn, 20 á sọnù. autocommit máa ń wà ní 1 láti ìbẹ̀rẹ̀, UPDATE kọ̀ọ̀kan ń dá COMMIT (àṣẹ tó ń fi ìyípadà múlẹ̀) tirẹ̀ ṣe: Wuse ti yọ, Kubwa kò rí gbà. Ẹ dì wọ́n pọ̀ sínú transaction kan, kí méjèèjì jọ wọlé tàbí kí ìkankan má wọlé:

START TRANSACTION;
UPDATE oja SET iye = iye - 20 WHERE soobu = 'Wuse' AND id = 7;
UPDATE oja SET iye = iye + 20 WHERE soobu = 'Kubwa' AND id = 7;
COMMIT;

Bí MySQL bá jí padà, á ka redo log (àkọsílẹ̀ ìyípadà) láti checkpoint tó kẹ́yìn (ibi tí ìyípadà ti dé inú fáìlì dátà tán), á tún gbogbo ìyípadà tó bá níbẹ̀ ṣe, àti ti transaction tí kò parí pàápàá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá fi undo log (àkọsílẹ̀ bí dátà ṣe wà tẹ́lẹ̀) dá èyí tí kò ní COMMIT padà. 20 á wà ní Wuse bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. InnoDB, ọ̀kan lára ẹ̀rọ tí MySQL fi ń tọ́jú tábìlì, ló ń ṣe èyí o. Tábìlì tó bá ṣì jẹ́ MyISAM, ẹ̀rọ mìíràn, kò mọ ROLLBACK (dídá ìyípadà padà) rárá.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni pé iná lè lọ lẹ́yìn tí COMMIT ti lọ, kí èsì tó dé. Ẹ kò ní mọ̀ bóyá ó wọlé. Ẹ má kàn fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fún gbígbé ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú tábìlì tó ní UNIQUE (kì í gba nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì), nínú transaction kan náà. Bó bá ti wọlé tẹ́lẹ̀, MySQL kò ní gba ìkejì.

Sáfà_Kàdúná
Ti 2 yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ní 1, redo log gbọ́dọ̀ dé orí dísíkì kí COMMIT tó dáhùn. Ní 2, ọwọ́ Linux ló ń wà, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ń tì í dé dísíkì. Bí mysqld (MySQL fúnra rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́) nìkan bá kú, ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Bí iná bá lọ, ọjà tí ẹ tà ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ti wọgbó, rìsíìtì sì ti wà lọ́wọ́ oníbàárà. Iná gan-an sì ni ìṣòro wa níbí! Ẹ fi sync_binlog náà sí 1, kí binlog (àkọsílẹ̀ ìyípadà mìíràn) máa dé dísíkì ní COMMIT kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì pa doublewrite (ẹ̀dà ojú ìwé tí InnoDB kọ́kọ́ ń kọ síbòmíràn). Ojú ìwé InnoDB jẹ́ 16KB. Dísíkì lè kọ 4KB péré kí iná tó lọ, redo log nìkan kò sì lè tún ojú ìwé tó ya sí méjì ṣe.

AraKubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kill -9 (àṣẹ Linux tó ń pa ètò lójijì) tó láti fi dán an wò?

Sáfà_Kàdúná
Kò tó. mysqld ló pa, Linux ṣì wà láàyè, á kọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sí dísíkì, nítorí náà 2 pàápàá á yege. Kọ̀ǹpútà tí dátà gidi kò sí lórí ẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó máa kọ nọ́ńbà tó ń gòkè, kí èyí tí COMMIT rẹ̀ bá ti dáhùn máa hàn lójú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ wá fa wáyà iná yọ. Nọ́ńbà tó hàn kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà nínú tábìlì. Bí kò bá sí níbẹ̀ tí ẹ sì wà ní 1, SSD yẹn ló ń purọ́: ó ní òun ti kọ ọ́, inú cache rẹ̀ (ìrántí ìgbà díẹ̀) ló ṣì wà.

Olùtọ́júDátà
Bí mysqld bá kọ̀ tí kò dìde, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fódà dátà kọ síbòmíràn. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ innodb_force_recovery (ó ń fi tipátipá gbé InnoDB dìde) láti 1, kí ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Láti 4 lọ, ó lè ba dátà jẹ́ pátápátá. Bó bá ti dìde báyìí, mysqldump (irinṣẹ́ tó ń da dátà kọ sínú fáìlì) ló kàn.