Ajá róbọ́ọ̀tì mi máa ń kú bó bá fẹ́ dìde: báwo ni kí n ṣe pín iná rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iná. Mò ń ṣe ajá róbọ́ọ̀tì kékeré kan fún ọmọ mi. Arduino Uno (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) ló ń darí rẹ̀, servo SG90 (mọ́tò kékeré tó ń gbé ẹsẹ̀) méjì-méjì ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bátìrì 18650 méjì tí mo so tẹ̀léra (7.4V) ló ń gbé e, ẹ̀rọ LM2596 kan tó ń dín iná kù sì ń sọ ọ́ di 5V fún gbogbo wọn.

Bí ẹsẹ̀ kan bá dá mì, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ gbéra, Uno á kú, á tún tàn, ajá á sì wó lulẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ìrìn.

Mo ti fi kapásítọ̀ 1000µF (tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) sẹ́gbẹ̀ẹ́ servo, mo ti lo wáyà tó nípọn, GND (wáyà ìhà òdì iná) gbogbo wọn sì pàdé. Síbẹ̀, mítà fi hàn pé 5V náà ń já sí nǹkan bíi 4V. LM2596 kò lè gbé ju 3A lọ, bẹ́ẹ̀ SG90 kan lè fà tó 0.7A bó bá há.

Ṣé kí n fi LM2596 kejì kún un, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bọ́ servo mẹ́rin, kí Uno sì máa gba iná tirẹ̀ tààrà lára bátìrì, àbí kí n ra ẹyọ kan tó lè gbé 6A?