Okùn ni mainsheet: àbá lórí orúkọ àwọn ohun èlò ìgbòkun

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe mainsheet, ìyẹn okùn tí a fi ń fa ìgbòkun ńlá ọkọ̀ wọlé tàbí dẹ̀ ẹ́ síta: "aṣọ àgbà" àti "ìjánu ìgbòkun". Kí a da àkọ́kọ́ nù pátápátá. Ẹni tó dá a gbọ́ sheet, ó rántí aṣọ ibùsùn. Lẹ́nu àwọn atukọ̀, okùn ni sheet. Aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí ọkọ̀ ti ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Ìgbòkun ni, ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, a sì máa ń ní a ta ìgbòkun. Nítorí náà, halyard tó ń fà á gòkè òpó lè máa jẹ́ okùn ìtagbòkun, kò sí ìjà ńbẹ̀.

"Ìjánu" ló gba àròjinlẹ̀. Ó dùn létí, nítorí pé ẹni tó di okùn yìí mú ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, bí ẹlẹ́ṣin. Ṣùgbọ́n bíréèkì ni ìjánu lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí: fà á, kẹ̀kẹ́ á dúró. Bí atẹ́gùn líle bá gbá ọkọ̀ ìgbòkun tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹni tó bá fa okùn yìí á dojú ọkọ̀ dé. Ńṣe ni kó tú u sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá lára aṣọ. Orúkọ tó ń kọ́ ọwọ́ ní òdìkejì iṣẹ́ léwu. "Okùn ìkápá" ni mo dá lábàá, torí pé ọ̀pá ìdábùú ìsàlẹ̀ ìgbòkun ló ń kápá.

Orúkọ ohun tí a fi ṣe okùn náà tún ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Gbogbo okùn tí kì í ṣe òwú là ń pè ní náílọ́ọ̀nù lọ́jà. Náílọ́ọ̀nù gidi máa ń fà gùn. Ìyẹn dára fún okùn ìdákọ̀ró, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ okùn ìkápá, gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá le ni ìgbòkun á máa sá lọ. Polypropylene tó ń léfòó, oòrùn ń jẹ ẹ́, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Pólíẹ́sítà aláhunpọ̀ onípele méjì ni kí ẹ béèrè. Fún ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 27 tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1970 sí 1979, mìlímítà 10 bá ọwọ́ mu. Ẹ ti ọ̀pá ìdábùú síta dé ibi tó lè dé, ẹ wọn ààrin púlì òkè lára ọ̀pá àti ti ìsàlẹ̀ lára ọkọ̀, ẹ fi iye ọ̀nà okùn (iye ìgbà tí okùn gba àárín púlì méjèèjì kọjá) sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi mítà méjì kún un. Mítà 3 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 12. Ẹ ra 14. Bí okùn bá kúrú, ọ̀pá kò ní lè jáde tán bí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn yín.

Mo sọ "ọ̀nà", n kò sọ iye kẹ̀kẹ́ inú púlì. Ẹni tó pe 4:1, ìyẹn okùn ọ̀nà mẹ́rin, ní "púlì mẹ́rin" yóò ra ohun tí kò yẹ. Okùn tó kan púlì ti ara ọ̀pá nìkan ni ká kà. Kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn nísàlẹ̀ kàn ń yí ojú okùn sọ́dọ̀ afàkùn ni. Bí wọ́n bá sì so púlì mọ́ àárín ọ̀pá dípò ìpẹ̀kun rẹ̀, ẹrù okùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ọ̀nà mẹ́rin lè má tó. Ẹ jẹ́ ká fi "púlì" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tí àwọn atukọ̀ ń pè ní block. "Búlọ́ọ̀kù" ti di ti àwọn bíríkìlà.

Ratchet block, púlì tó ń bá ọwọ́ di okùn mú, mo ní "púlì ọ̀nà-kan", nítorí ìhà kan ṣoṣo ló ń yí sí nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Bí a bá ki okùn bọ̀ ọ́ lódìlódì, kò ní di nǹkan kan mú. Cam cleat, ohun tó ń fi eyín há okùn mọ́: "ẹ̀rẹ̀kẹ́ eléyín". Ẹ fi ìka kan eyín rẹ̀. Bó bá ti ń dán, okùn á máa yọ́ jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọkọ̀ àtijọ́ ti ń dani ni ihò bóòtù tí a fi de àwọn ohun èlò yìí mọ́ ọkọ̀. Bí igi inú dẹ́ẹ̀kì bá ti mu omi, bóòtù tuntun yóò rì wọlé. Ẹ lu ihò náà fẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi epoxy (àtè tó ń le gbagidi) dí i, kí ẹ tó wá lu ihò tó bá bóòtù mu sáàárín rẹ̀. Ẹ fi àwo irin tàbí ti fíbà tó fẹ̀ sábẹ́. Wáṣà kékeré nìkan kò tó. Níbi tí irin aláìdípẹtà bá ti kan ọ̀pá alumíníọ̀mù, iyọ̀ òkun á mú kí alumíníọ̀mù jẹrà, bóòtù á sì gan síbẹ̀. Ẹ fi gíríìsì tó wà fún irú iṣẹ́ yìí pa á.

Standing rigging kò gbọdọ̀ bá àwọn okùn pín orúkọ: "wáyà amópòódúró". Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí okùn ìtagbòkun sì di òpó mú ní ìhà ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí omi ń dúró sí: bí irun wáyà kan bá já, tàbí tí ẹnu irin tó gbà á mọ́ra bá ti sán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Traveller, irin ìdábùú tí púlì ìsàlẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan sí èkejì, ni kò tíì ní orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ èdè Ìlàjẹ, ẹ bá wa bi àwọn apẹja àgbà: kí ni wọ́n ń pe okùn tí wọ́n fi ń fa ìdí ìgbòkun? Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà níbẹ̀, tiwọn ni ká gbà, kí "okùn ìkápá" yẹ̀ fún un.